Magnum tàbí Saaz: ṣé gíráàmù kan náà ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apọntí. Pale ale, irú bíà kan, ni mo fẹ́ pọn, 20 lítà. Ìlànà tó wà lọ́wọ́ mi ní kí n se 20 gíráàmù Magnum, ọ̀kan lára oríṣi hops (òdòdó tí a fi ń mú bíà korò), fún wákàtí kan. Oríṣi hops méjì míì, Saaz àti Cascade, náà wà nílẹ̀. Ṣé mo lè fi 20 gíráàmù Saaz rọ́pò Magnum?

Èsì 1
Rárá o. Alpha acid, ásíìdì inú hops, ló ń mú bíà korò, òun ni kí ẹ wò. Ti Magnum máa ń tó 12%, ti Saaz kì í sábà ju 3 sí 4.5% lọ. Ẹ ka ara àpò, torí ìkórè kan ò jọ èkejì. 20 lọ́nà 12 jẹ́ 240. Tí Saaz yín bá jẹ́ 3.5%, ẹ fi 3.5 pín 240: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 69 gíráàmù. Hops tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á fa omi mọ́ọ̀tì mu, ọtí náà sì lè máa rùn bíi koríko tútù.

Èsì 2
Òfò ni, ẹ jọ̀ọ́. Òórùn la fi ń mọ Saaz, wákàtí kan lórí iná á sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de lager. Ẹ da Magnum sí i tí omi bá ti ń hó, 30 gíráàmù Cascade nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù dé 80°C, kí ẹ tó fi 40 gíráàmù Cascade míì sí i fún ìṣẹ́jú 20. Tí ẹ bá dà á sí i nígbà tó ṣì gbóná gan-an, ìkorò á lé sí i. Cascade á ta sánsán bí ọsàn gréèpù.

Èsì 3
Ẹni tó bá tún fẹ́ fi hops sínú ọtí tútù, 4 gíráàmù sí lítà kan, ọjọ́ mẹ́ta, ó tó. Àmọ́ ẹ má yára rọ ọ́ sígò! Ẹ́ńsáìmù inú hops máa ń fọ́ ṣúgà tí ìwúkàrà ò lè jẹ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ìwúkàrà á tún bẹ̀rẹ̀, ìgò á bú. Ẹ fi hydrometer, ohun tí a fi ń wọn ṣúgà inú ọtí, wò ó títí iye rẹ̀ ò fi ní yí padà fún ọjọ́ mélòó kan. Hops tó bá ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ àìfọ̀ ti gbó, ẹ dà á nù.

Oníbèérè
Ẹ ṣé gan-an. Tí Magnum bá tán ńkọ́? 5.5% ni Cascade mi.

Èsì 1
44 gíráàmù, wákàtí kan. Kò burú.