Ápù ìparí ọdún: ti Gúúsù Áfíríkà tàbí ti Yúróòpù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta èso ní Mile 12, ẹ kú ọjà o. Oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún ni Gúúsù Áfíríkà ń kórè ápù, nítorí náà èyí tí wọ́n ń tà lóṣù Kẹwàá ti pẹ́ nínú yàrá tútù, ó sì tètè máa ń rọ̀ tó bá ti bọ́ sínú ooru Èkó. Tuntun ni ti Faransé àti Ítálì nígbà yẹn, àmọ́ owó Yúrò ń gbé e wọ́n. Mo ti ń ra páálí oníwóró 150 dípò 100, torí wóró kéékèèké tètè ń tà. Mi ò sì kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí atẹ́gùn ara rẹ̀ ń mú ápù rọ̀. Fún ìsọ̀ tí kò ní fíríìjì, èwo lèrè ẹ̀ máa pọ̀ jù lóṣù Kẹwàá sí Ìkejìlá? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.