Èsì lórí “ìjà aládàáṣe” àti “ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù”

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lálẹ́ àná, tí wọ́n ní irú géèmù tí wọ́n ń pè ní auto-battler yẹn, tó jẹ́ pé wàá kàn to àwọn ajagun ẹ ni, wọ́n á wá jà fúnra wọn, ká máa pè é ní “ìjà aládàáṣe” lédè wa, kí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tó wà nídìí irú géèmù bẹ́ẹ̀ kan, sì máa jẹ́ “ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ dán an wò rí. Ṣùgbọ́n méjèèjì ò wọ̀ mí létí, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, ẹ má bínú pé ó máa gùn díẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló mú mi wọ Splinterlands, ọ̀kan nínú irú géèmù yẹn. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e jáde, Steem Monsters ló ń jẹ́ nígbà yẹn, káàdì ni wọ́n fi ń gbá a. Wọ́n á sọ iye agbára tó o lè ná fún ẹ, wọ́n á sọ òfin tí ìjà yẹn máa tẹ̀lé, wàá mú ọ̀gá kan, wàá wá mú àwọn abàmì tó máa jà lábẹ́ ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ, wàá tò wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ àsìkò tí wọ́n fún ẹ ò tó nǹkan. Tó o bá ti fọwọ́ sí i, ó tán nìyẹn. O ò lè sọ fún eléyìí pé kó sún sẹ́yìn, o ò lè sọ fún tọ̀hún pé kó lu ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Wàá kàn máa wò ó ni.

Títò yẹn gan-an ni géèmù náà. Abàmì tó ń fi ọwọ́ jà, tí kò bá sí níwájú pátápátá, kò lè lu ẹnikẹ́ni àfi tó bá ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kan, èyí tó sì ń ta ọfà, tó o bá lọ fi òun síwájú, o ti dè é lọ́wọ́ nìyẹn. Onídán ò ka ìhámọ́ra sí, ara ló ń bá lọ tààrà. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ẹni ìkẹyìn ni wọ́n máa ń yọ́ lọ lù, nítorí náà ẹni tó bá kó aláìlágbára ẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn láìwo ohun tí ẹnì kejì lè mú wá, á rí i. Èmi náà rí i, mo pàdánù ìjà mẹ́ta léraléra lórí ẹ̀, ọmọ yẹn ló wá ní “bọ̀dá, ẹ ò sẹ́ẹ̀tì dáadáa.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lò, sẹ́ẹ̀tì. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn pe nǹkan kan ní aládàáṣe tàbí ọ́tò rí. “Jẹ́ n sẹ́ẹ̀tì ná”, “sẹ́ẹ̀tì ẹ ò dáa”, “bó ṣe sẹ́ẹ̀tì ló fi lù mí”. Àwọn ọmọ yẹn mọ ibi tí ọwọ́ èèyàn wà nínú eré yẹn, ọwọ́ yẹn ni wọ́n sì sọ lórúkọ. Aládàáṣe ní tiẹ̀, géètì tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ni mò ń rí tí mo bá gbọ́ ọ, ó pa ẹni tó jókòó ronú rẹ́ pátápátá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n máa ní inú orúkọ òyìnbó ni “auto” ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òyìnbó ti rí i. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni àwọn ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Drodo gbé Dota Auto Chess jáde, inú géèmù mìíràn, Dota 2, ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti gbòde. Nínú Dota 2 fúnra ẹ̀, ìwọ lò ń fọwọ́ darí akọni ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìka ò gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, ohun tó máa ya òun lẹ́nu ni pé ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí “auto” fi nítumọ̀ lẹ́nu wọn. Àwa ò ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹni tó bá ń bá ẹranko lò nílẹ̀ yìí mọ̀ tipẹ́ pé èèyàn lè múra ìjà sílẹ̀ kó má jà á fúnra ẹ̀. Kí Iléyá tó dé, ẹ ṣáà ń rí àwọn ọmọkùnrin tó ń kó àgbò jáde ládùúgbò, ẹni tó ni àgbò ló bọ́ ọ, òun ló mọ èyí tó lè bá a kàn, òun ló fà á sẹ́yìn, ìgbà tó bá tú u sílẹ̀ ọ̀rọ̀ ti di tàwọn àgbò. Ta ló pe ìyẹn ní ìjà aládàáṣe rí? Àwọn tó sọ pé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìwo tó kan ìwo ni wọ́n ń wò.

Arákùnrin wa tó ń kọ̀wé láti Ṣágámù ní ká máa pe géèmù yìí ní “ayò aládàáta”. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń já ọmọ ayò sílé níkọ̀ọ̀kan, ayò kan ò ta ara ẹ̀.

Èyí tí mo mú wá ni “eré ìtẹ́gun”. Mi ò dá a sílẹ̀ o, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tú, tí ọmọ ogun bá ti tò kojú ara wọn tí wọn ò tíì jà, wọ́n á ní wọ́n tẹ́ ogun. Bí ẹní ni ogun yẹn, ẹnì kan ló tẹ́ ẹ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ “atẹ́gun” fún ẹni tó ń gbá a, ṣùgbọ́n àwa tá a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, “ategun” lásán ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa kà. Nítorí náà kó jẹ́ ìtẹ́gun fún eré, kí ẹni tó ń gbá a máa jẹ́ atẹ́ogun, ká má pa ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀. Àwọn ọmọ lè máa wí sẹ́ẹ̀tì wọn lọ, kò dí ìtẹ́gun lọ́wọ́, ìtumọ̀ kan náà ni.

Ó wá ku “ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù”. Mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń fi sọ́rùn wà, ṣùgbọ́n mo dán an wò lójú ìyá mi, mo ní káàdì ọmọ yẹn wà lórí ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní “ta ni wọ́n mú?” Búlọ́ọ̀kù ní tiẹ̀, ti sìmẹ́ǹtì ni. Ohun tí nǹkan yìí jẹ́ ni ìwé kan tí ẹni púpọ̀ jọ ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbé àmì èyí tó ṣáájú ẹ̀ dání, tẹ́nì kan bá yí ìkan padà, àmì ò ní bára mu mọ́, gbogbo àwọn tó kù á rí i. Ká ní nínú èésú yín, kì í ṣe akọ̀wé nìkan ló ní ìwé, gbogbo ẹgbẹ́ ni.

Splinterlands fúnra ẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Orí Steem, ọ̀kan nínú àwọn blockchain yẹn, ni àwọn káàdì yẹn wà tẹ́lẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2020, oníṣòwò kan, Justin Sun, ra Steemit, ilé iṣẹ́ tó dá Steem sílẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó máa pàṣẹ. Nínú oṣù kẹta, àwọn tí kò gbà kó ẹ̀dà ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bá a lọ, wọ́n pè é ní Hive, géèmù náà tẹ̀ lé wọn lọ lọ́dún yẹn. Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú, wọ́n á ti rí i gbé lọ ṣe bẹ́ẹ̀? “Àjọpamọ́” ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ pamọ́ ń rùn bí ìfarapamọ́, ojú gbogbo ayé sì ni ìwé yìí wà. Nítorí náà, “ìwé àjùmọ̀ṣọ́”.

Ẹ jọ̀ọ́, fún káàdì tí wọ́n ń gbà lò fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, ká má kọ “yíyá” o, owó ni wọ́n ń san lé e, háyà ni wọ́n ń háyà ẹ̀.

Ìkan ṣì há mi lọ́nà. Abàmì tó ń dúró níwájú pátápátá, tí gbogbo ọfà ń bà, tánkì ni àwọn ọmọ ń pè é, tánkì omi ni èmi sì ń gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ oyè ogun àtijọ́ ní Rẹ́mọ, kí ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán síwájú láti gba ìyà ogun sára?