Ìmọ̀ràn kíákíá: ẹ̀dà Jailbreak ti Thin Lizzy wo ni kí n rà?

Àlejò Dublin: Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Mo fẹ́ fi àwo Jailbreak tí Thin Lizzy, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Ireland, gbé jáde ní 1976 ta àgbàlagbà kan lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí mo rí pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham: Ẹ wá ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Vertigo tẹ̀. Wọ́n gé ihò sí ojú páálí rẹ̀, kí èèyàn lè rí inú láti ìta, iṣẹ́ ọwọ́ Jim Fitzpatrick sì ni àwòrán ara rẹ̀. Ẹ̀bùn tó yẹ àgbà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má ṣe kánjú ra àlòkù o! Wọ́n ta ẹ̀dà àkọ́kọ́ kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Páálí 1976 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà ló wà nínú rẹ̀, oòrùn sì ti mú un wọ́, tó fi jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti dé orin «Cowboy Song» ni yóò máa fò. Ẹni tó tà á fún mi kò dá mi lóhùn mọ́. Orin yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ rà á, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Gìtá Ìbàdàn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n fín sí àárín àwo, nítòsí lébẹ́ẹ̀lì, ránṣẹ́ sí òun.

Ará Leeds: Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà. Fọ́tò àwo ẹlòmíì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò rí nǹkan! Kò sí ẹni tí a lè fọkàn tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham: Ohun yòówù tí ẹ bá rà, ẹ sá fún ẹ̀dà 2011 tí Joe Elliott ti Def Leppard àti Scott Gorham tún po àwọn orin kan nínú rẹ̀. Wọ́n fi gìtá tuntun kún un, bẹ́ẹ̀ Phil Lynott, olórí akọrin ẹgbẹ́ náà, ti kú láti oṣù kìíní 1986, kò sì lè bá wọn dá sí i.

Gìtá Ìbàdàn: Gorham yìí kan náà ni òun àti Brian Robertson jọ ta gìtá ní 1976. Ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ jù ú lọ láti fọwọ́ kàn án?

Ará Leeds: Èmi ò tilẹ̀ gbà pé àwo yìí ló sọ wọ́n di olókìkí, nítorí pé «Whiskey in the Jar» ti dé ipò 6 ní Bìrìtìkó ní 1973.

Gìtá Ìbàdàn: Orin kan ṣoṣo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, àwọn àwo tó tẹ̀ lé e kò sì tà tó bó ṣe yẹ. Jailbreak ló dé ipò 10 ní Bìrìtìkó àti 18 ní Amẹ́ríkà, tí «The Boys Are Back in Town» sì dé 8 ní Bìrìtìkó àti 12 ní Amẹ́ríkà. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ tí mo bá rántí pé àárín ìrìn àjò Amẹ́ríkà yẹn gan-an ni àìsàn ẹ̀dọ̀ kọlu Phil, tí wọ́n fi ní láti padà sílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gìtá: Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lè kọ́ mi bí gìtá méjì ṣe ń kọrin pọ̀ bí ẹnì kan nínú «Emerald», orin inú àwo yìí?

Ará Leeds: Àlejò Dublin, ẹ kúkú mú àgbàlagbà yín lọ sí ère Phil tó wà ní Harry Street ní Dublin. Ìyẹn kò gbówó.

Àlejò Dublin: Ẹ ṣeun gidigidi. Bàbá ìyàwó mi ni mo ń rà á fún, wọ́n ń pé àádọ́rin ọdún. Crumlin ní Dublin ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí ìyá àgbà Phil ti tọ́ ọ. Mi ò sọ fún yín pé wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń lu àwo mọ́; inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ orin. Mo ti ra sìdíì 2011 náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham: Ẹ bá wa kí bàbá. Sìdíì kìíní nínú méjèèjì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, nítorí orin 1976 gan-an ló wà níbẹ̀.