Ohun tí à ń rí lọ́dọ̀ àwọn adviser ní community college Amẹ́ríkà: ẹ bá wa dá sí i

Láti Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí ọmọ ti lè kọjá sí yunifásítì) ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nítorí owó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń wọ́ ni pé wọ́n á fúnra wọn mú kọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà, ó di ọdún kejì kí wọ́n tó wá adviser (ẹni tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì) lọ. Yunifásítì lè gba gbogbo kírẹ́dítì (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kọ́ọ̀sì) 60 tí ọmọ kó wá, síbẹ̀ kó jẹ́ 40 péré ni yóò wúlò fún ohun tó fẹ́ kà. Ìyókù á di elective (kọ́ọ̀sì àfikún tí kò sí lára ohun tó fẹ́ kà gan-an), owó rẹ̀ sì ti lọ. Nítorí náà, kí ọmọ má kàn bi adviser pé "Ṣé wọ́n á gba kọ́ọ̀sì yìí?" Kó bi í pé "Kọ́ọ̀sì wo ni èyí máa dúró fún nínú dìgírì mi ní yunifásítì báyìí-báyìí?" Kó dárúkọ yunifásítì náà gan-an.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ ṣe engineering tó lọ mú College Algebra nítorí pé ó rọrùn. Calculus ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Calculus I ló ń ṣílẹ̀kùn fún Calculus II àti physics, nítorí náà sẹ́mísítà kan tó fi ṣòfò lè dá gbogbo ètò náà dúró fún ọdún kan.

Ní Texas níbí, core curriculum (àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe) jẹ́ kírẹ́dítì 42. Bí ọmọ bá parí rẹ̀ pátá, yunifásítì ìjọba yòówù ní Texas gbọ́dọ̀ gbà á lódindi. Bí ó bá ku kọ́ọ̀sì ẹyọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa yẹ àwọn kọ́ọ̀sì náà wò. Kó rí i pé ó hàn lórí transcript (ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀) pé core ti parí. Ẹ má gbàgbé òfin Texas ti ọdún 2007: kọ́ọ̀sì mẹ́fà péré ni ọmọ lè jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba Texas kó tó gba dìgírì àkọ́kọ́, àfi tó bá ní ìdí tí òfin gbà, bí àìsàn tàbí ikú ẹbí.

Láti Baltimore

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ní Maryland, ARTSYS lórí íntánẹ́ẹ̀tì la fi ń wo bí kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ti yunifásítì ṣe bára mu. Kí ọmọ wò ó kó tó lọ rí adviser, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó gbé e dání.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ làwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Pre-nursing (kọ́ọ̀sì ìmúrasílẹ̀) kì í ṣe nursing o. Wíwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà ọ́ sí nọ́ọ̀sì. Wàá kọ́kọ́ ṣe Anatomy and Physiology apá méjèèjì àti Microbiology, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì tún ń béèrè TEAS, ìdánwò àtiwọlé sí nọ́ọ̀sì. Máàkì ni wọ́n fi ń to àwọn èèyàn, C kò sì lè bá A du àyè. Ẹni tó ti ka sáyẹ́ǹsì tirẹ̀ tipẹ́, kó béèrè bóyá ó ṣì wúlò: ọ̀pọ̀ ètò kì í gba èyí tó ti ju ọdún márùn-ún tàbí méje lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àkókò. Kírẹ́dítì kan jẹ́ wákàtí kan ní kíláàsì àti wákàtí méjì ìwé kíkà nílé, lọ́sẹ̀ kan. Kírẹ́dítì 12 jẹ́ wákàtí 36. Iṣẹ́ CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ní alẹ́ mẹ́ta, wákàtí 12 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 36 mìíràn nìyẹn. Ó di 72, kò tíì sùn, kò tíì bójú tó ọmọ. Kó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún adviser láìfi bò, kí wọ́n jọ din kọ́ọ̀sì kù kí sẹ́mísítà tó bẹ̀rẹ̀. Bí adviser kò bá mọ̀, kírẹ́dítì 15 ni yóò tò síwájú rẹ̀.

Láti ọ́fíìsì financial aid (owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́)

Mo fẹ́ fi kún ti Àǹtí Baltimore. Kọ́ọ̀sì tí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ tó di W (àmì pé ẹ fi í sílẹ̀) kì í ba GPA (ìpíndọ́gba máàkì yín) jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ba SAP jẹ́, ìyẹn òṣùwọ̀n ìtẹ̀síwájú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń pinnu bóyá owó ìrànwọ́ ìjọba yóò máa wá. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, GPA kò gbọ́dọ̀ kéré sí 2.0, ẹ sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́dítì tí ẹ mú. Ẹni tó mú kírẹ́dítì 12 tó jáwọ́ nínú kírẹ́dítì mẹ́fà ti já sí ìdá 50 ní sẹ́mísítà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá dá owó dúró, ẹ kọ appeal (ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un wò): kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ti yí padà báyìí, pẹ̀lú ìwé dókítà tàbí ẹ̀rí mìíràn. "Mo ti ronú pìwà dà" nìkan kò tó.

Ẹni tó bá sì fi gbogbo kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí sẹ́mísítà tó lo ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ṣírò apá kan owó náà padà, gbèsè sì lè kù sí i lọ́rùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ rí wa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Láti California

Ní tiwa, ASSIST lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa wò, láti mọ bí kọ́ọ̀sì ṣe bára mu. TAG, ìwé àdéhùn tó ń fi àyè dáni lójú ní mẹ́fà nínú àwọn UC (yunifásítì ìjọba California), oṣù September ni wọ́n ń gbà á fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní fall. Berkeley, Los Angeles àti San Diego kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó dé ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ (bí a ṣe ń pe adviser níbí) ní October ti pẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí adviser tó kọ̀ láti sọ máàkì ọmọ yín lórí fóònù. FERPA, òfin tó ń dáàbò bo ìwé àṣírí akẹ́kọ̀ọ́, ló dè é. Bí ọmọ kò tiẹ̀ tíì pé ọdún 18, bó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló ni àṣẹ lórí ìwé èsì rẹ̀. Ẹ ní kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, kó dárúkọ yín sí i.

Láti Houston

Ẹ ṣé o, Bọ̀dá California. Ó ku àwọn tó ní físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè. Adviser kọ́ọ̀sì lè má mọ òfin físà rárá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kírẹ́dítì 12, DSO (òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà akẹ́kọ̀ọ́) ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ó fún yín láyè nínú SEVIS (àkọsílẹ̀ ìjọba lórí akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè) kí ẹ tó yọ kọ́ọ̀sì. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kírẹ́dítì mẹ́ta, ni wọ́n ń kà mọ́ 12 yẹn. Bí ẹ bá ti rí adviser tàbí DSO tán, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà: "Ohun tí a jọ fẹnu kò sí rèé." Bí adviser bá kúrò níbi iṣẹ́, ímeèlì yẹn ni ẹni tó rọ́pò rẹ̀ máa rí.