Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n di Micah Parsons mú ni, àbí kí n jù ú sílẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Milwaukee): Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wá síbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ físà àti owó orí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló bi mí pé ṣé mo fẹ́ràn football, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Arsenal ló wà lọ́kàn mi, àṣé football Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi mí sínú fantasy wọn, ìdíje tí a ti ń kó agbábọ́ọ̀lù gidi jọ sínú tíìmù orí ìwé, tí a ń fi eré wọn ka máàkì, wọ́n gbé tíìmù ẹnì kan tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. $200 ni olúkúlùkù fi ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ, Micah Parsons nìkan ti jẹ $41 níbẹ̀, iṣan orúnkún rẹ̀ sì já ní December 2025. Aago méjìlá òru òní ni mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn tí mo fẹ́ dì mú. Àwọn ará ọ́fíìsì ní ọmọ Green Bay Packers, tíìmù Wisconsin níbí, ni, pé èèwọ̀ ni kí n jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá sì gbẹ́yìn máa wọ jẹ́sì Chicago Bears, ọ̀tá Packers, wá síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní Wisconsin níbí! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Alhaja Bissonnet (Houston): Ọmọ mi, fara balẹ̀. J.J. Watt ti Houston Texans ni tèmi nínú fantasy. Ní 2016, eré mẹ́ta péré ló gbá tí ẹ̀yìn fi dá a dúró. Mo ní kò burú, mo dì í mú. Ní 2017, eré karùn-ún, ẹsẹ̀ kán. Inú bí mi, mo jù ú sílẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe ní 2018? Sack 16! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló gbé kọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lulẹ̀ kó tó jù ú. Kò pa eré kan ṣoṣo jẹ. Ọkùnrin tó mú un lẹ́yìn mi, mọ́sáláṣí kan náà la jọ ń kírun. Títí dòní tó bá rí mi, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Milwaukee): Ṣé ẹ ní kí n dì í mú nìyẹn, mà?

Alhaja Bissonnet (Houston): Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o fara balẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Dallas): Ẹ má pe orúkọ ọmọ yẹn létí mi! Ẹni tó kó sack 52.5 jọ fún wa láàárín ọdún mẹ́rin, ni Jerry Jones, ẹni tó ni Dallas Cowboys wa, wá gbé fún Green Bay ní August 2025, tó gba Kenny Clark àti first-round méjì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi fún un ní $188 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Kò ju oṣù kan lọ, ó padà wá bá wa ní Arlington. 40-40! Mo sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, mo sanwó ibi tí mo páàkì mọ́tò sí, mo pariwo títí ohùn fi há, ẹnikẹ́ni ò jẹ.

Ará Iléṣà (Atlanta): Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Dak Prescott, kọ́tábáàkì yín, $60 mílíọ̀nù lọ́dún. CeeDee Lamb, $34 mílíọ̀nù. Ẹ bá tún fi $47 mílíọ̀nù Micah lé e, $141 mílíọ̀nù lórí ẹni mẹ́ta. $279.2 mílíọ̀nù sì ni cap, òté owó tí tíìmù kọ̀ọ̀kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù, ní 2025. Àwọn àádọ́ta yòókù ńkọ́? Ṣé atẹ́gùn ni wọn ó máa jẹ ni?

Bàbá Ìbejì (Dallas): Ìṣirò ìwé nìyẹn. Ìwọ tó o jẹ́ akáùńtáǹtì, o mọ̀ pé kì í ṣe iye tí wọ́n pè ló ń wọ cap lọ́dún kọ̀ọ̀kan.

Ará Iléṣà (Atlanta): Mo mọ̀. Signing bonus, owó ìbuwọ́lùwé, ọjọ́ kan ni owó náà bọ́ sọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n lè fọ́n ọn ká ọdún márùn-ún nínú ìwé. Òṣómàáló àwọn bàbá wa ni. O ti wọ aṣọ ròde, o ti jó, ẹni tó tà á ń bọ̀ wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ. Tí wọ́n bá sì gbé ẹni náà fún tíìmù mìíràn kí ọdún rẹ̀ tó pé, gbogbo èyí tó kù sábà máa ń já lu cap lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi àwọn ará Chicago. Ní 2022, $24 mílíọ̀nù wà lọ́rùn wọn lórí Khalil Mack, Los Angeles ni Mack sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Chicago): Ta ló pe Chicago? A gbà, a ná first-round méjì lórí Mack ní 2018, a fún un ní $141 mílíọ̀nù. Sáà yẹn náà la jẹ eré 12, kí bọ́ọ̀lù tí Cody Parkey wa gbá tó lọ gbá òpó, tó tún gbá igi àárín, tí a fi pàdánù. Òtútù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún Mack rà lónìí, màá rà á. Ẹni tó ń lé kọ́tábáàkì kì í wọ́n jù. Dayo Odeyingbo ọmọ wa náà, $48 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un ní 2025, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ sì já kí sáà náà tó parí. Àdúrà là ń gbà fún un. Ìwọ ọmọ Mọ́kọ́lá, sọ fáwọn ará ọ́fíìsì yín pé Bears na Packers 31-27, January 2026. Wọ́n á mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá Tóbi (Dallas): Kì í ṣe cap ló ba ọ̀rọ̀ Micah jẹ́. Jerry pe ọmọ náà jókòó ní March 2025, ó ní àwọn ti fohùn ṣọ̀kan, aṣojú Micah ò sí níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ $40 mílíọ̀nù lọ́dún! Aṣojú wá ní òun ò mọ̀ sí i. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, ìyókù kàn tẹ̀ lé e ni.

Bàbá Ìbejì (Dallas): Rárá o, ìfòní-fọ̀la ni. Maxx Crosby, tó ń lé kọ́tábáàkì bíi ti Micah, ti gba tirẹ̀ ní March. Myles Garrett gba $40 mílíọ̀nù lọ́dún nínú oṣù kan náà. T.J. Watt gba $41 mílíọ̀nù ní July. Bí oṣù ṣe ń lọ ni owó ń gorí owó, Jerry sì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Ará Iléṣà (Atlanta): Tí orúnkún yẹn bá já sọ́wọ́ Dallas lẹ́yìn $188 mílíọ̀nù, ohun tí ẹ ó máa sọ yàtọ̀.

Bàbá Ìbejì (Dallas): Sack 12.5 ló ti kó kó tó já. Àwa ńkọ́? 7-9-1, a jẹ méje, a pàdánù mẹ́sàn-án, a ta ọ̀mì kan! Wọ́n tún wá kó first-round mìíràn lọ ra Quinnen Williams. Báyìí náà ni wọ́n ṣe ní 2014, wọ́n ní cap ò gba DeMarcus Ware mọ́. Ó lọ sí Denver, ó gba Super Bowl 50, ife tó ga jù.

Ìyá Tóbi (Dallas): Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ̀gbọ́n.

Alhaja Bissonnet (Houston): Ọmọ Mọ́kọ́lá, ṣé líìgì yín ní ààyè IR? Tó bá ní, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Milwaukee): Kí ni IR, mà?

Ọmọ Ẹ̀gbá (Chicago): Ẹ ò rí ọmọ Ìbàdàn! Ó ti gba tíìmù, kò tíì ka òfin. IR ni ààyè tí a ń fi ẹni tó fara pa sí.

Ìyá Tóbi (Dallas): Ẹ fi í sílẹ̀. Ọdún tí mo dé, mo rò pé flag tí wọ́n ń jù sílẹ̀ yẹn bí ẹnì kan bá rú òfin, ìnujú ló bọ́ lọ́wọ́ rẹfirí. Ẹ tún wo ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí Cowboys bá ní eré aago méjìlá, ìwàásù kì í pẹ́. Ẹ̀mí Mímọ́ mọ àkókò.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Milwaukee): Ká sòótọ́, bọ́ọ̀lù yìí ò tíì wọ̀ mí lára. Ìṣẹ́jú kan eré, ìpolówó márùn-ún. Ilé ìwòran ẹ̀yìnkùlé wa nílé ni mò ń rántí, bẹ́ǹṣì tó ń gún ní ìdí, àwọn ọmọ tó ń yọjú láti ojú fèrèsé torí wọn ò lówó. Tí iná bá lọ nígbà pẹ́nárítì, gbogbo àdúgbò á hó lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ á sáré bí ẹni ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Ará Iléṣà (Atlanta): Ẹ má mú mi sunkún.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Chicago): Ẹ̀yin ará Ìbàdàn náà ti fi Yekini sílẹ̀ rí. Ó kúrò ní Shooting Stars, ó wá bá wa ní Abiola Babes l'Abẹ́òkúta. Challenge Cup 1985, tiwa. 1987, tiwa.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Milwaukee): Owó ni. Abíọ́lá ò ní salary cap.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Chicago): 😂😂 Ọmọ yìí ti ń gbọ́n.

Bàbá Ìbejì (Dallas): Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ ó fi ife 1985 ṣògo títí. Shooting Stars ti gba ti Áfíríkà ní 1976, ẹ lọ bi Odegbami.

Alhaja Bissonnet (Houston): Ẹ fi Yekini sílẹ̀ kó sinmi. Ta ló ń bọ̀ ní Houston fún Texans àti Cowboys? Mo máa ro àmàlà.

Bàbá Ìbejì (Dallas): Àmàlà Houston? Ṣé èyí tí omi ń yọ lára ẹ̀ yẹn?

Alhaja Bissonnet (Houston): Wá jẹ ẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀. Gbẹ̀gìrì wà, ewédú tútù wà. Dallas tí ẹ ti ń ra ewédú inú fìríìsà!

Ìyá Tóbi (Dallas): Irọ́ o, Alhaja! Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo gbin tèmi sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ. Mọ́tò ta ni a ó gbé?