Mo fẹ́ wọ láàbù ọpọlọ kí n tó gba dígírì, níbo ni kí n gbà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta ni mo wà báyìí, sáíkọ́lọ́jì ni mò ń kà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ wa nípa hippocampus, apá kan nínú ọpọlọ, àti iṣẹ́ tó ń ṣe lórí ìrántí ni ọkàn mi ti fà sí neuroscience, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe másítà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wò ló ń béèrè ìrírí ìwádìí, bẹ́ẹ̀ èmi ò tíì tẹ láàbù kankan rí. Ẹ̀ka wa ò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, EEG gan-an, èyí tó ń gba àmì iná ọpọlọ láti orí awọ orí, ò sí.

Mo ti wo íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí. Ètò ìgbà ìsinmi pọ̀ jàǹtìrẹrẹ, mi ò wá mọ èyí tó wà fún irú mi. Ṣé wọ́n máa ń gba ọmọ sáíkọ́lọ́jì tí ò ka báyọ́lọ́jì púpọ̀? Ṣé dandan ni kí n mọ kódù kọ? Bí èèyàn bá sì fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ò mọ̀ ọ́n rí, kí ló máa sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù

Àbúrò, o kú ìmúra. Kí o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ibi tí wọ́n kọ irú ẹni tí wọ́n ń gbà sí ni kí o kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi odindi oṣù kọ àròkọ fún ètò tí ò lè gbà wọ́n láéláé. REU, ètò ìwádìí fún ọmọ dígírì àkọ́kọ́ tí NSF, àjọ ìjọba tó ń náwó lórí sáyẹ́ǹsì, ń sanwó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí lọ ló wà fún. RISE, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí DAAD, àjọ tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ń ṣe ní Jámánì, ibi tí o ti ń kàwé ni wọ́n ń wò: yunifásítì Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ireland. Bí o ò bá sí níbẹ̀, pa ojú ewé náà dé, má jẹ́ kó gbà ọ́ lákòókò.

Àwọn tí kì í béèrè pé ọmọ ibo ni ọ́ náà wà. OIST, yunifásítì ìwádìí kan ní Okinawa, ní Jàpáànì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń fúnni nílé gbé, wọ́n sì ń fúnni lówó ìnáwó. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ò sì kéré níbẹ̀. ISTA, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kan ní Austria, ní èyí tí wọ́n ń pè ní ISTernship, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni, neuroscience wà lára rẹ̀. EPFL, yunifásítì kan ní Switzerland, náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Kọ̀wé sí wọn, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e. Èrò tó ń kọ̀wé síbẹ̀ pọ̀ ju ààyè tó wà lọ fíìfíì.

Ibi tó dájú jù lójú tèmi ni láàbù tí ẹsẹ̀ rẹ lè gbé ọ dé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì. Anátómì, físíọ́lọ́jì, fàmákọ́lọ́jì, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, àní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè tí wọ́n ti ń wo bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ni kí o wò, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Báyọ́lọ́jì tí o ní o ò kà púpọ̀ yẹn ò tó ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé àdánwò kalẹ̀ fún èèyàn, tí ẹni tó wá jókòó ò fi ní mọ ohun tí à ń wá lára rẹ̀. Mo mọ ọmọ báyọ́lọ́jì púpọ̀ tó mọ sẹ́ẹ̀lì dunjú, àmọ́ tí èèyàn kan bá jókòó síwájú wọn báyìí, wọn ò mọ ìtọ́ni tí wọn máa fún un.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o kó owó gọbọi wá kí o tó ṣe "internship neuroscience", béèrè orúkọ alábòójútó àti ìwádìí tó ti tẹ̀ jáde. Bí wọn ò bá rí i dárúkọ, yáa rìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sanwó fún irú ẹ̀. Fídíò ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n wá fi sátífíkéètì aláràbarà ránṣẹ́ sí i. Kò sí ẹni tó lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ní ìwọ̀n o. Kí o tó gbà, béèrè iye wákàtí lọ́sẹ̀, ẹni tó máa máa kọ́ ọ níṣẹ́, àti ìgbà tó máa parí. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti fèsì fún ọ.

Kódù Ni Mo Ń Jẹ

Ẹ ti sọ ti láàbù tó ní ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí ò ní. OpenNeuro wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà ọpọlọ láti inú ìwádìí oríṣiríṣi ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀fẹ́ ni. Bí kọ̀ǹpútà rẹ ò bá lágbára, fi fMRI, ìyẹn àwòrán tó ń fi ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ hàn, sílẹ̀ ná, fáìlì rẹ̀ máa ń wúwo gan-an. Mú ti EEG. Wá èyí tí ìwádìí rẹ̀ ti tẹ̀ jáde, ka ìwé náà, kí o wá gbìyànjú láti ya ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fúnra rẹ láti inú dátà wọn. Ẹyọ kan. Ibi tí tìrẹ bá ti yàtọ̀ sí tiwọn, jókòó tì í títí o fi mọ ìdí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ parí ti mọ nǹkan tí kíláàsì ò lè kọ́ ọ, ó sì ní ohun tó lè gbé síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kódù kì í ṣe dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ di dandan. R, èdè kódù fún ìṣirò, máa bá ìṣirò tí ẹ ń ṣe ní sáíkọ́lọ́jì mu, bíi t-test tó ń wò bóyá ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì yàtọ̀ lóòótọ́. Python, èdè kódù mìíràn, ni o máa lò bí o bá fẹ́ MNE tí wọ́n fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà EEG, tàbí PsychoPy láti fi gbé àdánwò sórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn ò gba kọ́bọ̀. Neuromatch Academy, kíláàsì kan lórí ìmọ̀ ọpọlọ, náà wà, 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní oṣù Keje. Wọ́n máa ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí o wà ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀, ẹni tí ò bá ní lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un kúrò. Kì í ṣe eré o, bí o bá wọ̀ ọ́, má gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn.

Má fojú di ìṣirò rárá. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ọpọlọ, sọ bí wọ́n ṣe gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ fMRI, tí wọ́n ń fi àwòrán èèyàn hàn án, tí wọ́n ní kó sọ bí inú àwọn èèyàn náà ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ṣírò dátà rẹ̀ láì ṣe àtúnṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò tí ìṣirò náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ibì kan ń tàn yòò nínú ọpọlọ ẹja tó ti kú! Wọ́n gba Ig Nobel, ẹ̀bùn fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín tó sì ń múni ronú, lórí rẹ̀ ní 2012. Ẹni tí ò bá mọ àtúnṣe yẹn, òkú ẹja á bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Kódù, o ò ní pa mí o, òkú ẹja!

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́, o ò tíì sọ bóyá ìtọ́jú aláìsàn wà lọ́kàn rẹ. Bó bá wà, ìwádìí ń lọ ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àti ti ìlera ọkàn láwọn ilé ìwòsàn ńlá. Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ọmọ dígírì àkọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn láti gbà á nímọ̀ràn, má retí ẹ̀. Ohun tí wọ́n á gbé fún ọ ni kí o máa pe àwọn olùkópa lórí fóònù, kí o máa ṣírò máàkì ìwé ìbéèrè, kí o máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni o ti máa rí i pé ẹni tí ìwé pè ní "ìsoríkọ́ ìwọ̀n díẹ̀" lè má lè dìde lórí ibùsùn láàárọ̀.

Wọ́n máa kọ́kọ́ ní kí o ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lára wọn. Má fojú tín-ínrín rẹ̀. Orúkọ aláìsàn kì í tẹ̀ lé ọ délé, kì í sì í wọ inú àròkọ tí o fi ń wá másítà, kódà bí o bá pa á dà.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù

Nọ́ọ̀sì rán mi létí ohun kan: kí o mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kí o tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ EEG ní láàbù wa, a ó kọ́kọ́ fi téèpù wọn orí ẹni náà láti ìdí imú, láàárín ojú méjèèjì, dé ìpàkọ́, a ó wọ fìlà fún un, a ó wá máa fi gẹ́ẹ̀lì sí ihò kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa rọra fi igi kékeré ya irun sọ́tọ̀ kí elékítíródù, ìyẹn irin kékeré tó ń gba àmì ọpọlọ, lè fara kan awọ orí. Ojú wa á wà lára kọ̀ǹpútà títí gbogbo àmì á fi di àwọ̀ ewé, tó ń sọ pé elékítíródù ti kan awọ dáadáa. Kí wọ́n mi orí díẹ̀ báyìí, ọ̀kan á tún pọ́n. Bí àdánwò bá parí tán, ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ gẹ́ẹ̀lì kúrò nínú fìlà. Ìwọ nìyẹn.

Má rò pé ẹni tó ń fọ fìlà ò lè rí nǹkan tí ọ̀gá ò rí. Arnelle Etienne ṣì ń kàwé dígírì àkọ́kọ́ ní Carnegie Mellon nígbà tó dojú kọ ọ̀rọ̀ pé elékítíródù EEG kì í jókòó dáadáa sórí ẹni tí irun rẹ̀ ki, tó sì lọ́. Òun àti àwọn tó bá ṣiṣẹ́ ṣe irú èyí tó ń wọ àárín irun tí wọ́n bá dì ní ìlà-ìlà, iṣẹ́ náà sì tẹ̀ jáde ní 2020. Ká tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí kàn ń fi irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni, torí pé dátà wọn ò mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo físíọ́lọ́jì bí ẹ ṣe wí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí oorun àti ìrántí! Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá. Mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi wò ó:

"Sà tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ aláápọn ni mí, ọpọlọ sì ti ń wù mí láti kékeré. Mo ti ka gbogbo iṣẹ́ yín, wọ́n sì wú mi lórí púpọ̀. Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fún mi láyè ní láàbù yín. Mo ṣetán láti ṣe ohunkóhun."

Àgbà Olùkọ́

Ọmọ mi, mo ti gba irú lẹ́tà yìí títí ó fi sú mi. Mú "ọpọlọ" kúrò níbẹ̀ kí o fi "eèrà" sí i, yóò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣèwádìí eèrà. "Mo ti ka gbogbo iṣẹ́ yín" ńkọ́? Èmi gan-an ò lè ka gbogbo iṣẹ́ mi tán. "Ohunkóhun" ló burú jù, torí ó ti gbé iṣẹ́ àtironú ohun tí o máa ṣe lé ẹni tí o ń bẹ̀ lórí. Gbìyànjú irú èyí wò:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kẹta sáíkọ́lọ́jì ni mo wà. Mo ka ìwádìí yín lórí oorun ọ̀sán àti ìrántí orúkọ. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló kópa, mo wá ń rò ó bóyá àwọn àgbàlagbà tí oorun wọn ò jinlẹ̀ mọ́ máa jèrè bákan náà. Mo mọ R níwọ̀n tí mo fi lè ṣe t-test kí n sì ya àwòrán rẹ̀. Mo so ọ̀kan tí mo ṣe láti inú dátà ọ̀fẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ mi dilẹ̀ ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà ní láàbù yín tó ń wá ẹni tó máa bá a to dátà tàbí gba àwọn olùkópa wọlé? Bí kò bá sí, ṣé mo lè wá jókòó sí ìpàdé láàbù yín lẹ́ẹ̀kan?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kó o má yọ. Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí ò níṣẹ́ pé kò sí iṣẹ́. Ó ṣòro díẹ̀ láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ìwádìí tí o dárúkọ jẹ́ èyí tí o kà lóòótọ́ o, torí ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn bí o bá wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Bí wọn ò bá wá dáhùn ńkọ́?

Àgbà Olùkọ́

Ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìlà méjì péré. Kì í ṣe pé a kórìíra yín, lẹ́tà ló ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Bí kò bá tún dáhùn, kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe PhD lábẹ́ rẹ̀. Òun ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, òun náà ló sì máa ń wá olùrànlọ́wọ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì

Kí CV rẹ má sì kọjá ojú ewé kan. Máàkì wáẹ́ẹ̀kì ò sí lára ìrírí ìwádìí.

Kódù Ni Mo Ń Jẹ

Àwòrán R tí o fẹ́ so mọ́ ọn yẹn, gbé kódù rẹ̀ wá síbí kí a bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́

Mò ń gbé e bọ̀ lálẹ́ òní. Bí ẹ bá rí i pé t-test kọ́ ló yẹ kí n lò, ẹ má dá mi sí o.