Ṣé àbùdá ni jíìnì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká fi “ìmọ̀ àbùdá” túmọ̀ genomics (ìmọ̀ nípa gbogbo jíìnì, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí), kí orúkọ kan náà sì kó proteomics (ìmọ̀ nípa gbogbo purotéènì tí ara ń fi ìlànà yẹn ṣe) àti metabolomics (ìmọ̀ nípa gbogbo èròjà kéékèèké inú ara) mọ́ra. Àkọ́kọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èkejì ni mo ta kò gidigidi.

Lẹ́nu àgbẹ̀, àbùdá ni ohun tí ojú rí tàbí tí ẹnu tọ́ wò: iṣu yìí dùn níyán, ẹ̀gẹ́ yẹn korò. Jíìnì ti wà kí àbùdá tó yọjú. Ẹ wo iṣu funfun. Ìtàkùn akọ àti ti abo sábà máa ń dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òdòdó la sì fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi méjèèjì bí irú tuntun ní láti dúró títí wọn yóò fi tanná, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ tanná rárá. Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti Jàpáánì, IITA (iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) n'Ìbàdàn àti ibòmíràn tẹ jíìnì iṣu yìí jáde lódindi, wọ́n sì rí àmì tí wọ́n lè fi mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tó ṣì kéré. Bí a bá pe ohun tí wọ́n kà ní àbùdá, kí la ó wá pe jíjẹ́ akọ tàbí abo fúnra rẹ̀?

Ẹ̀gẹ́ ló tún là á yéni jù. Jíìnì kan náà ló wà nínú ewé rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì wọn kò rí bákan náà. Èròjà tí májèlé tí à ń pè ní sáyánáìdì ń ti ara rẹ̀ jáde, inú ewé ni ẹ̀gẹ́ ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí gbòǹgbò. Ẹni tó ń wá ẹ̀gẹ́ tí kò korò, tó sì ka jíìnì nìkan, kò ní mọ iye tó dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ wọ́n lórúkọ kan.

“Odindi” ni àbá tèmi: ìmọ̀ odindi-jíìnì, ìmọ̀ odindi-purotéènì, ìmọ̀ odindi-èròjà. N kò fara mọ́ “àpapọ̀” tí ẹnìkan dá lábàá, nítorí ohun tí a ṣírò pọ̀ ni àpapọ̀, bí owó àjọ. Odindi ni èyí tí a kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, bí odindi ọdún, odindi àgbàdo.

“Èròjà” nìkan ló ń kọ mí lóminú. Ata àti iyọ̀ làwọn ìyá wa ń fi pè. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe pàtó jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.